Ilé Ìwé Wo Ni Ká Mú Ọmọ Tó Ní Ìpèníjà Ara Lọ?

Bí òbí bá ní ọmọ tí kò gbọ́ràn, tí kò ríran dáadáa, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e bó ṣe yẹ, ìmọ̀ràn méjì tó ta ko ara wọn ni yóò máa gbọ́. Àwọn kan á ní kó yára mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwé àwọn àkàndá ẹ̀dá, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú wọn. Àwọn mìíràn á ní ayé ti kọjá ibẹ̀, òfin ti wà pé ilé ìwé tó bá sún mọ́ ilé gbọ́dọ̀ gbà á. Òbí á wá dúró sáàárín, kò mọ ẹni tí òun ì bá gbọ́ tirẹ̀.

Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tí ọmọ jókòó sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Ibi tó jókòó sí kò tó. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé, kí ni ilé ìwé yìí ṣe tán láti yí padà kí ọmọ yìí lè kọ́ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́?

Ohun mẹ́rin ni àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ni kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ pátápátá: ọ̀gá ilé ìwé ní “a ò lè gba irú èyí”, tàbí ìdílé fúnra wọn fi í pamọ́ sílé nítorí ojú ayé. Èkejì ni kí wọ́n kó àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jọ sí ilé ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta ló ń tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ: wọ́n gba ọmọ náà wọlé, wọ́n fún un ní aṣọ ilé ìwé, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ́jísítà, ṣùgbọ́n ohunkóhun kò yí padà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ọmọ ni wọ́n ń retí pé kó bá ilé ìwé mu. Bí kò bá lè bá a mu, wọ́n á ní òun ni kò mọ̀wé. Ẹ̀kẹrin nìkan la lè pè ní ẹ̀kọ́ tó gba gbogbo ọmọ mọ́ra, níbi tí ilé ìwé ti ń tún ara rẹ̀ ṣe: ilé kíkọ́ rẹ̀, ìwé rẹ̀, ọ̀nà tí olùkọ́ ń gbà kọ́ni, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ìpín mẹ́rin yìí sílẹ̀. Ní 1994, ìjọba orílẹ̀-èdè 92 pàdé ní ìlú Salamanca lórílẹ̀-èdè Sípéènì, wọ́n sì fẹnu kò pé ilé ìwé gbogboogbò ló yẹ kó jẹ́ ilé ìwé fún gbogbo ọmọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara ní 2006, Nàìjíríà sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní 2007. Nígbà tó di 2016 ni ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àdéhùn náà wá là á mọ́lẹ̀ pé ká má ṣe fi ẹ̀kẹta pe ẹ̀kẹrin: kí wọ́n kàn gbé ọmọ sínú kíláàsì láìtún nǹkan kan ṣe kò tíì di ìgbàmọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ àfín ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ àfín ní ilẹ̀ wa, síbẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn olùkọ́ ló mọ ohun tó ń ṣe ojú wọn. Èròjà tó ń fún awọ ara àti irun ní àwọ̀ dúdú kò tó lára àfín. Ojú pẹ̀lú nílò èròjà yìí nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, kí ẹ̀yìn ojú lè dàgbà dáadáa. Bí kò bá sí, ọmọ náà kò ní ríran jìnnà, ìmọ́lẹ̀ á máa gún un lójú, ẹyinjú rẹ̀ á sì máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Awò lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ojú náà di ojú tó mọ́ kedere, nítorí pé inú ojú lọ́hùn-ún ni ìṣòro wà.

Ẹ wá wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Wọ́n tò wọ́n bí wọ́n ṣe ga sí, òun ga, wọ́n fi í sẹ́yìn. Olùkọ́ kọ iṣẹ́ sójú bọ́ọ̀dù, ó ní kí wọ́n dà á kọ. Ọmọ náà kò rí nǹkan kan. Ó yọjú wo ìwé ẹni tó jókòó tì í, olùkọ́ ní ó ń jí iṣẹ́ wò, ó nà án. Nígbà tó gbé ìwé sún mọ́ imú kó lè kà á, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ọdún tó parí, ipò ìkẹyìn ló wà, gbogbo ilé sì ti gbà pé orí rẹ̀ kò pé. Orí ọmọ pé o. Bọ́ọ̀dù ni kò rí.

Ohun tí ilé ìwé ní láti ṣe fún ọmọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ná wọn ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n mú un wá síwájú, ṣùgbọ́n kí ó má kọjú sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Kí olùkọ́ máa ka ohun tó ń kọ sókè bó ṣe ń kọ ọ́. Kí wọ́n jẹ́ kó rìn lọ sídìí bọ́ọ̀dù nígbà tó bá fẹ́, kó sì gbé ìwé sún mọ́ ojú bó ṣe wù ú. Bí wọ́n bá ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, kí wọ́n tẹ tirẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, kí wọ́n sì fi àkókò díẹ̀ kún un, nítorí pé ojú tó ń mì máa ń pẹ́ kó tó ka ìlà kan tán. Kí wọ́n gbà á láyè láti dé fìlà olétí gbòòrò kó sì wọ aṣọ alápá gígùn nígbà tí wọ́n bá tò síta láàárọ̀ tàbí tí wọ́n bá ń ṣe eré ìdárayá, torí pé oòrùn lè fa àrùn jẹjẹrẹ sí awọ ara àfín. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn ọ̀gá ilé ìwé sábà máa ń sọ pé àwọn kò lówó tí àwọn fi máa gba ọmọ tó ní ìpèníjà. Òtítọ́ ni pé àwọn nǹkan kan wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyọ́nú àti ìmọ̀ olùkọ́ kan ṣoṣo ló yẹ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ná wa.

Ti ọmọ tí kò ríran rárá yàtọ̀ díẹ̀. Òun nílò bíréèlì, ìkọ̀wé alámì tótó mẹ́fà tó yọ sókè tí Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ojú òun náà fọ́ láti kékeré, gbé kalẹ̀ ní 1824 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15. Ìka ni wọ́n fi ń kà á. Bébà rẹ̀ nípọn, ìwé kíkà kan ṣoṣo sì lè di ìdìpọ̀ bíi mélòó kan bí wọ́n bá sọ ọ́ di bíréèlì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wọ́n púpọ̀. Nítorí náà, ilé ìwé tó bá sọ pé òun gba afọ́jú, tí kò ní ẹni tó lè ka bíréèlì tí ọmọ bá fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, kò tíì gbà á. Ta ló máa máàkì ìwé rẹ̀?

Ibí yìí ni ilé ìwé àkànṣe ti wúlò gan-an, mi ò sì fara mọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kí wọ́n ti gbogbo wọn pa lọ́la. Ilé ìwé Pacelli fún àwọn afọ́jú, tó wà ní Surulere nílùú Èkó láti 1962, jẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á kọ́ bíréèlì níbẹ̀, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ara ẹni. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ wọn á bọ́ sí ilé ìwé girama pẹ̀lú àwọn tó ríran. Cobhams Asuquo, olórin àti agbórinjáde tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ilé ìwé àkànṣe tó bá fún ọmọ ní irinṣẹ́ tí yóò fi bá ẹgbẹ́ pé ń ṣe iṣẹ́ rere. Èyí tí kò dára ni èyí tó gba ọmọ wọlé tí kò sì ní ọ̀nà àbájáde, tí ọmọ á dàgbà síbẹ̀ láìní ìwé ẹ̀rí kankan.

Ọ̀nà àbájáde náà ti ń là díẹ̀díẹ̀. Láti 2017 ni àjọ JAMB ti ní ìgbìmọ̀ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí, tó ń ṣètò ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì fún àwọn afọ́jú ní àwọn ibùdó àkànṣe, dípò kí wọ́n ju wọ́n síwájú kọ̀ǹpútà tí wọn kò lè rí. WAEC náà máa ń pèsè ìbéèrè ní bíréèlì. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí ilé ìwé ti sọ fún wọn nígbà tí wọ́n ń forúkọ ọmọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́ di ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ó ti pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ àwọn adití ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń ṣi mú jù. Ọ̀pọ̀ rò pé bí ọmọ kò bá gbọ́ràn, kí olùkọ́ kàn pariwo díẹ̀ sí i, tàbí kí ọmọ náà máa wo ẹnu olùkọ́. Wíwo ẹnu kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ ìró ni kì í hàn lẹ́nu. Nínú èdè Yorùbá tí ohùn ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, ẹnu kan náà ni a fi ń sọ “ọkọ̀”, “ọkọ́” àti “ọkọ”. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn máa ń ran àwọn tí etí wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ bátìrì, ó ń fẹ́ àtúnṣe, kò sì wúlò fún gbogbo adití. Ohun tó jinlẹ̀ ju ìwé lọ ni èdè fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ti gbọ́ èdè ilé fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó wọ ilé ìwé. Adití tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbọ́ràn, bẹ́ẹ̀ sì ni ti èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, lè dé ilé ìwé láìtíì ní èdè kankan àfi àmì díẹ̀ tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ mọ̀. Kí ni ẹ fẹ́ fi kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìṣirò?

Ìdí nìyí tí àdéhùn àgbáyé 2006 fi sọ ọ́ ní tààràtà pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ adití ní èdè àmì, níbi tí ẹ̀kọ́ àti ìbágbépọ̀ wọn á ti lè dàgbà. Láti kọ́ èdè, ọmọ nílò ẹlòmíràn tó ń sọ èdè náà: àwọn ọmọ adití bíi tirẹ̀, àti àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Adití kan ṣoṣo láàárín àádọ́ta ọmọ tó ń gbọ́ràn, láìsí ògbufọ̀, kò sí nínú ẹ̀kọ́ àgbàmọ́ra kankan. Ó dá wà ni.

Èdè àmì tí wọ́n ń lò jù ní àwọn ilé ìwé adití wa ní ìtàn. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí àrùn yírùnyírùn gba etí rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ní 1954. Ó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, ó sì dé Nàìjíríà ní 1960, ó dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Kàdúná àti Enugu. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ń sọ pé adití kò lè kàwé. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ó gboyè, ó sì dúró níwájú wọn. Èdè àmì ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó kó wá ló wà ní ìpìlẹ̀ èyí tí àwọn adití wa ń lò ní ilé ìwé títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fi tiwọn kún un.

Tí ẹ bá bi mí, fún adití tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ilé ìwé tí èdè àmì ti ń ṣàn ni mo máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ìbáà jẹ́ ilé ìwé àkànṣe, ìbáà jẹ́ ẹ̀ka adití nínú ilé ìwé gbogboogbò. Tí èdè bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó lè bọ́ sí ibikíbi tí ògbufọ̀ bá wà.

Ní ti ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ohun tí wọ́n nílò hàn sí gbogbo èèyàn: ọ̀nà tó dagun pẹ̀lẹ́ dípò àtẹ̀gùn, kíláàsì ìsàlẹ̀ dípò ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀. Ti ìgbọ̀nsẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Àwọn ọmọ kan kì í mumi láti òwúrọ̀ títí wọ́n á fi délé, nítorí kò sí ibi tí wọ́n lè tọ̀ sí. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa nígbà ìbí tún ní ìyà kejì: bí ọ̀rọ̀ kò bá já gaara lẹ́nu rẹ̀, tí itọ́ ń dà, kíá ni wọ́n á ti sọ pé kò ní làákàyè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́n gan-an. Ẹ fún wọn ní àyè láti dáhùn, ẹ má bá wọn parí ọ̀rọ̀.

Àwọn ìpèníjà mìíràn tún wà tí ojú kò rí. Ọmọ kan wà tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú, tó jẹ́ pé bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè sí etí, yóò dáhùn ju gbogbo kíláàsì lọ, ṣùgbọ́n bó bá di kíkà, ó di wàhálà. Òmíràn wà tí ariwo kíláàsì ń dà láàmú tó fi ń bo etí rẹ̀, tí kì í wo èèyàn lójú, tó sì máa ń ké bí wọ́n bá yí ètò ọjọ́ padà lójijì. Olódo, alágídí, ẹlẹ́mìí òkùnkùn: irú orúkọ báyìí ni wọ́n ń sọ wọ́n. Ẹgba ni oògùn tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ nílò kí wọ́n gba ìdáhùn ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi sùúrù tún ìpìlẹ̀ ìwé kíkà kọ́ ọ. Ọmọ kejì nílò ibi tí ariwo kò pọ̀, àti kí wọ́n ti sọ fún un láàárọ̀ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bákan náà, ọmọ tí òye rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan wà, tí kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ibì kan náà. Òun náà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó, kọ orúkọ, wọ ọkọ̀ dáadáa. Kí wọ́n fi òun ọdún yìí wé òun èṣí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ibi tí àwọn ìpèníjà yìí ti ń wá, torí pé òbí tó bá gbà pé ayé ló ṣe ọmọ òun kì í lọ sí ilé ìwé kankan; ilé babaláwo ló ń lọ. Ibà pọ́njú tó ń mú ọmọ tuntun, bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀ ní ọsíbítù, lè ba ọpọlọ jẹ́, kó sì gba etí ọmọ. Yírùnyírùn ń gba etí. Ìfarapa nígbà ìrọbí ń ba ọpọlọ jẹ́. Ti àfín, inú ẹ̀jẹ̀ ìyá àti bàbá ló ti wá, bí àwọn méjèèjì bá tilẹ̀ dúdú.

Ní ti òfin, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011, ó sì dá ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń pè ní LASODA sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀. Òfin náà sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni tiwọn títí dé ìparí girama. Ó ní kí gbogbo ilé ìwé ìjọba gbà wọ́n, kí òṣìṣẹ́ tó kọ́ nípa wọn, ó kéré tán ẹnì kan, wà ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, kí bíréèlì àti èdè àmì sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò láti tún ọ̀nà àbáwọlé wọn ṣe. Àkókò náà parí ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Ẹni tó bá ya irú wọn sọ́tọ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́, ₦1,000,000.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Apá tó sọ̀rọ̀ nípa òṣìṣẹ́ àti ohun èlò dárúkọ ilé ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n apá tó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀ kan gbogbo èèyàn àti gbogbo ilé iṣẹ́. Nítorí náà, ilé ìwé aládàáni kò lè sọ pé òfin kò kan òun, kó wá lé ọmọ sẹ́yìn nítorí ìpèníjà rẹ̀.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nínú ìwé òfin yìí kò tíì dé inú ọgbà ilé ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àkànṣe tó wà ní Ọ̀yọ́ ti wà láti 1977, ó sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kò rí ẹyọ kan lára wọn rí. Olùkọ́ tó ní ọgọ́ta ọmọ níwájú kò lè dá a ṣe, kò sì tọ́ kí á máa dá a lẹ́bi nìkan. Àwọn òbí mìíràn á tún ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á fa tàwọn sẹ́yìn. Mi ò gbà. Olùkọ́ tó ń ka ohun tó ń kọ sókè, tó ń fi àwòrán kún àlàyé, tó ń bi ọmọ kọ̀ọ̀kan bóyá ó yé e, gbogbo kíláàsì ló ń kọ́ dáadáa.

Kí òbí wá ṣe kí ni? Kẹ́ ẹ tó san owó, ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò etí àti ojú ní ọsíbítù ńlá, irú bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó, nítorí ọmọ tí wọ́n ń pè ní alágídí lè jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ràn. Ẹ gba èsì rẹ̀ sórí ìwé. Tẹ́ ẹ bá dé ilé ìwé, ẹ má bi wọ́n pé “ṣé ẹ lè gbà á?” Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa dáhùn, torí owó. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni yóò máa kọ́ ọ, kí sì ni onítọ̀hún kọ́ nípa irú ìpèníjà yìí? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mélòó ló ti wà níbí rí, ibo ni wọ́n wà báyìí? Báwo ló ṣe máa ṣe ìdánwò? Ẹ ní kí wọ́n fi yín mọ̀nà lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ lè jókòó ní kíláàsì fún wákàtí kan.

Bí wọ́n bá gbà á, ẹ jẹ́ kí òbí, olùkọ́ àti ọ̀gá ilé ìwé jọ kọ ìwé kékeré kan: ohun tí ọmọ lè ṣe báyìí, ohun tí wọ́n fẹ́ kó lè ṣe kí táàmù tó parí, àti ẹni tí yóò ṣe kí ni. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀, òun ló mọ ibi tó ti ń ríran jù àti ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí gbogbo wọn buwọ́ lù ú, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ sì mú un padà wá nígbà tí táàmù bá parí kẹ́ ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí olùkọ́ bá yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́.